Ẹ̀gbà Pupa Nínú Kùrukùru

"Fa apá aṣọ yẹn wálẹ̀ kó bo ọwọ́ rẹ!"

Ìbíwùmí kò tilẹ̀ dúró kí ọmọ náà ṣe é fúnra rẹ̀. Òun ló fà á títí tó fi bo ẹ̀gbà tó ń tàn pupa lọ́rùn ọwọ́ Arínọlá. Kò wúlò. Aṣọ òwú lásán ni, iná ẹ̀gbà náà sì gba inú rẹ̀ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Òkè Ìrì rí i, wọ́n ń yà fún wọn lọ́nà bí ẹni ń yà fún ẹni tó ru epo, wọ́n sì ń kí Ìbíwùmí láìwo ojú rẹ̀.

"Ọkọ̀ Ògiri," ẹ̀gbà náà sọ. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń pe èèyàn wá jẹun. "Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìjókòó kẹrìnlá. Ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù."

"Ó tún ti sọ̀rọ̀, Àǹtí."

"Mo gbọ́. Mi ò dití. Máa gun òkè."

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá. Ọjọ́ keje rèé tí ẹ̀gbà náà ti di pupa, ọjọ́ méje péré sì ni òfin fún ọmọ tó bá kùnà ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì. Bí àgbà iṣẹ́ kankan kò bá tẹ àtàǹpàkò gbà á kí ọjọ́ náà tó pé, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ á wá gbé e lọ sí etí òkun. Níbẹ̀, ọdún mẹ́fà ni yóò fi máa ru iyanrìn sí ògiri tí omi ń wó lójoojúmọ́.

Ìbíwùmí ti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja, wọ́n ní àwọn ò ní àyè. Ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tún dígí oòrùn ṣe, ọ̀gá ibẹ̀ wo ẹ̀gbà, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní ilé irúgbìn, wọn ò tilẹ̀ rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ló rí pupa tó sì kí wọn pé ó dàárọ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," Ìbíwùmí máa ń sọ ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn kan bá tì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, ó ti ń sọ ọ́ bí ẹni ń bú ọjà.

Ẹ má rò pé kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o. Láti ìgbà tí Arínọlá ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, tí ìyá rẹ̀ ti lọ ń ṣọ́ oko oòrùn ní Òkè Ọya, abẹ́ àtíbàbà Ìbíwùmí ló ti dàgbà, láàárín àwọn àwọ̀n ìrì. Nítorí odò ti gbẹ tipẹ́, inú kùrukùru ni gbogbo ìlú ti ń mu omi. Àpò gàgàrà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná kún inú rẹ̀ ló ń gbé agbọ̀n àti àwọ̀n gòkè. Ìrì á rọ̀ sórí àwọ̀n, omi á ṣàn sínú rọ́bà tó wà lábẹ́ agbọ̀n, ìlú á sì rí nǹkan fi ro ẹ̀kọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ìbíwùmí ti ń di kókó àwọn àwọ̀n wọ̀nyẹn. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ rí, nítorí bó bá gun àga láti lé aláǹgbá lára ògiri, òòyì ń kọ́ ọ.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kò lè sọ síta. Bí àgbà iṣẹ́ bá tilẹ̀ gba ọmọ náà, òfin ṣì fẹ́ onídùúró, ìyẹn ẹbí kan tó máa kan ẹ̀gbà tirẹ̀ mọ́ ti ọmọ. Bí ọmọ bá ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ̀gbà onídùúró náà á di pupa, iṣẹ́ tirẹ̀ á sì bọ́. Ìbíwùmí kò mọ iṣẹ́ míì. Kí n má parọ́ fún yín, kò dá a lójú mọ́ pé orí ọmọ yìí pé. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ọmọ tó ń ka ìwé sùn ni!

Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, ó fi ọwọ́ ti ìdí, ó mí.

"Arínọlá, sọ fún mi, bí ìyá sí ọmọ. Kí ni Màmá Ìbéèrè bi ọ́ tí o kò mọ̀?"

Màmá Ìbéèrè ni gbogbo ìlú ń pe ẹ̀rọ ìdánwò. Ohùn ìyá arúgbó ni àwọn tó ṣe é fi sí i lẹ́nu, kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ.

"Kò sí èyí tí mi ò mọ̀, mà."

"Háà?"

"Ó kàn máa ń sọ nǹkan tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òkúta fúyẹ́ ju omi lọ. Ó ní oòrùn ọ̀sán ló ń mú kí kùrukùru nípọn. Á wá sọ pé, 'Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi?'"

"Kí lo wá sọ?"

Arínọlá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'"

Ìbíwùmí jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta láìfẹ́. "O mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O sì gbà fún un?"

"Àgbà ni, Àǹtí! Ẹ̀yin lẹ ní a kì í já àgbà nírọ́."

"Ẹ̀rọ ni! Irin àti wáyà ni, Arínọlá!"

"Mo sọ ọ́ fún ara mi nígbà kejì. Mo ní ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ni, lónìí màá sọ pé rárá. Mo ti la ẹnu. Ló bá wúkọ́, Àǹtí. Ó wúkọ́ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń wúkọ́ nígbà ọyẹ́. Mo bá ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'"

Ẹ̀rín gbé Ìbíwùmí, ẹkún sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ṣáájú kò jáde nítorí èyí tó tẹ̀lé e. Ó rántí ọjọ́ kan tí Arínọlá wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Àlejò kan ń ròyìn bí òun ṣe rìn láti ìlú kan dé òmíràn láàárín wákàtí kan, ọmọ náà sì ní, "Irọ́ ni, sà, ó jìnnà jùyẹn lọ." Ìbíwùmí mú un kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri títí àlejò fi jẹ iyán rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ọmọ Ìbíwùmí lẹ́kọ̀ọ́ ilé, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Òun ló kọ́ ọ. Ó wá kọ́ ọ débi tí ọmọ fi ń bọ̀ wá ru iyanrìn.

"Ẹ bínú, mà?"

"Mi ò bínú sí ọ. Dìde. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Bó bá bi ọ́ ní nǹkan, òtítọ́ ni kí o sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìbíwùmí wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàlá, kò mọ̀ bóyá 'bẹ́ẹ̀ ni' yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ni lóòótọ́.

Lórí òkè pátápátá, afẹ́fẹ́ ń ta aṣọ mọ́ wọn lára. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ níbẹ̀, àpò rẹ̀ tí a rán papọ̀ ní àwọ̀ osùn àti funfun ti wú, ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó sì ń já okùn rẹ̀ bí ẹṣin tí wọ́n pa lébi. Baba Ajíbóyè tó ni ín dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ń bá a jà. Àgbà atukọ̀ òfurufú ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tó gòkè tó o ní gbogbo àgbègbè náà.

"Ta nìyẹn?" ó ké nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìbíwùmí oníkókó! Kí lo wá ṣe lókè? Ṣé aláǹgbá ló lé ọ dé ibí?"

"Ẹ káàsán, sà." Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé, Baba. Arínọlá lorúkọ rẹ̀."

Baba na ọwọ́, ó gbá ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú, ó gbé e sún mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbà. "Pupa?"

"Pupa ni, sà."

"Ó dára. Aláwọ̀ ewé méjì tó yege ìdánwò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún yìí, wọ́n ní wọ́n mọ̀wé. Èkíní bì sí mi láyà. Èkejì bì sínú bàtà mi. Ṣé ìwọ máa ń bì?"

"Mi ò tíì gòkè rí, sà. Mi ò mọ̀."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó sọ pé òun ò mọ̀! Wọ inú agbọ̀n. Onídùúró náà wọlé."

"Èmi kẹ̀?" ni Ìbíwùmí sọ.

"Òfin ni. Onídùúró gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ kó tó kan ẹ̀gbà."

"Baba, ojú mi dára gan-an, mo lè rí i láti ìsàlẹ̀ níbí."

"Wọlé, jàre! Kùrukùru ò ní dúró dè ọ́."

Báyìí ni Ìbíwùmí ṣe kúrò nílẹ̀ ayé. Kó tó mọ̀, iná ti bú sókè lórí wọn, okùn ti tú, agbọ̀n sì ti kúrò lórí òkè. Ó jókòó gbàgìdì sí ìdí agbọ̀n, ó gbá okùn méjì mọ́ra, ó ń ké pe orúkọ gbogbo baba ńlá rẹ̀, títí kan èyí tí kò fẹ́ràn. Ohùn Arínọlá ló wá gbọ́, ohùn tí kò gbọ́ rí láti ẹnu ọmọ náà.

"Àǹtí! Àǹtí, ẹ wò ó! Ẹ wo àwọ̀n yín!"

Ó yọjú díẹ̀, ojú kan péré. Àwọ̀n tó ti ń fọwọ́ so láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tẹ́ rẹrẹ sí apá ọ̀tún àti apá òsì agbọ̀n, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ìrì sì ti ń jókòó sórí kókó kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, gbogbo wọn ń tàn. Lábẹ́ àtíbàbà, lórí itan rẹ̀, òkìtì okùn dídọ̀tí ni nǹkan yìí. Ẹnu yà á. Ó gbàgbé láti bẹ̀rù fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì.

Arínọlá kò bì. Ó ti gbé ìdajì ara síta, irun rẹ̀ ń fò, ó ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Baba ń pàṣẹ, ọmọ náà ń ṣe é, okùn ń lọ, okùn ń bọ̀. Ìbíwùmí sì rí i pé ọwọ́ ọmọ náà mọ àwọ̀n. Kí ni kò ní mọ̀ nípa rẹ̀? Ó ti ń fọ̀ ọ́ láti kékeré.

"Tú okùn ọ̀tún!" ni Baba wí. "Ọ̀tún ni ìrì pọ̀ sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Arínọlá dáhùn kíá. Ó sì tú okùn òsì.

Àwọ̀n òsì ṣí gbàràgà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rọ́bà. Ó yẹ kí inú Baba dùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ okùn títí tó fi mọ èyí tí wọ́n tú.

"Mo ní ọ̀tún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òsì lo tú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ẹnu rẹ ń gbà fún mi, ọwọ́ rẹ ń kọ̀ fún mi. Èwo ni kí n dì mú nínú méjèèjì?" Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló burú. "Gbọ́, ọmọ mi. Lórí ilẹ̀, bí o bá gbà fún àgbà tó ṣì í sọ, ẹ̀rín lásán ni. Ní òkè níbí, òkú ni. Alábàáṣiṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ lè sọ fún mi pé mo ṣì í. O gbọ́n, mo rí i, àmọ́ mi ò lè gbà ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀."

Ojú Arínọlá kú bí iná tí wọ́n da omi sí. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn padà sí ìdí okùn rẹ̀. Ìbíwùmí fẹ́ bẹ Baba, àmọ́ òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ẹ̀gbà lọ́wọ́ ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀: "Ìjókòó kẹrìnlá. Ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù."

Baba di ọ̀pá ìdarí mú, ó yí i síhà ilé. Kùrukùru ti nípọn, ayé di funfun ní gbogbo ìhà, àyàfi dígí ọ̀nà tó wà níwájú Baba, tí ìlà búlúù kan ń tàn lórí rẹ̀. "Ọ̀nà mọ́," dígí náà ń sọ. "Ọ̀nà mọ́. Ìjì ń bẹ lósì. Ọ̀nà mọ́."

Ìgbà náà ni Ìbíwùmí rí ẹnu ọmọ náà. Ó là, ó tún pa dé. Ó tún là. Ọmọ náà sì di etí agbọ̀n mú pinpin.

"Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Arínọlá. Kí lo rí?"

"Kùrukùru ọ̀hún ń ká," ọmọ náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ wò ó, ó ń ká bí etí ẹní. Bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ilé wa ni, nígbà tó bá kan Eyín Erin."

Eyín Erin ni àpáta tó dá dúró ṣánṣán láàárín òkè méjì. Agbọ̀n méjì ló ti fọ́ mọ́ ọn lójú ayé Ìbíwùmí.

"Sọ fún Baba!"

"Baba ti ní a ń lọ ilé, mà. Dígí náà ní ọ̀nà mọ́."

Ojú ti Ìbíwùmí débi tó fi gbàgbé pé òfurufú lòun wà. Ó fi eékún fà lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà, ó di ojú rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Gbọ́ mi. Mo ṣì ọ́ kọ́. Ṣé o gbọ́? Èmi Ìbíwùmí, mo ṣì ọ́ kọ́. Sọ ọ́ jáde!"

Arínọlá wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí kò gbédè. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú agbọ̀n, wẹ́rẹ́, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ó sì figbe ta láti orí eékún rẹ̀:

"Baba, mo kúnlẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ máa pẹ́ fún wa o, àmọ́ ibẹ̀ kọ́! Eyín Erin ló wà níwájú yín!"

"Dígí ní ọ̀nà mọ́."

"Kò mọ́, sà! Eruku ti bo ojú tí dígí yẹn fi ń wo ọ̀nà! Òsì ni ká yà, kíákíá, ẹ jọ̀ọ́, sà!"

Baba Ajíbóyè yọ awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ iwájú. Ìbíwùmí rí ojú rẹ̀ ní gbangba, ó sì yé e ìdí tó fi gbé ẹ̀gbà sún mọ́ imú, ìdí tó fi ń fọwọ́ tọ okùn.

"Funfun ni mo ń rí," ọkùnrin náà sọ jẹ́ẹ́. "Láti bí ọdún méjì, bí kò bá sún mọ́ mi, funfun ni gbogbo rẹ̀. Dígí ni mo fi ń ríran." Ó mí. "Ó wí fún mi pé ìjì wà lósì. Bó bá jẹ́ òtítọ́ tí a sì yà síbẹ̀, àwọ̀n á ya, ìlú ò ní rómi fún oṣù kan. Dígí yìí, ogún ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n, kò já mi kulẹ̀ rí. Ọmọ yìí, wákàtí kan. Ìwọ lo mọ ọmọ rẹ, Ìbíwùmí."

Arínọlá ti fo dé ìdí ọ̀pá ìdarí. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kàn án, ọ̀pá náà gan pa. "A kò gba ẹ̀gbà pupa," ni ó wí.

"Ó fẹ́ onídùúró," Baba sọ. "Mi ò rí ibi tí màá yà sí, ọmọ yìí ló gbọ́dọ̀ di ọ̀pá mú. Bí o bá gbà á gbọ́, kan ẹ̀gbà. Bí o kò bá gbà á gbọ́, jẹ́ kí n máa bá dígí lọ. Àmọ́ ṣe é nísinsìnyí."

Ta ni yóò wá gbà gbọ́, dígí ni àbí ọmọ? Gbogbo ohun tí Ìbíwùmí mọ̀ láyé ni pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Bó bá kan ẹ̀gbà, tí ìjì sì ya àwọ̀n, àtíbàbà rẹ̀ tán, iṣẹ́ rẹ̀ tán, kókó kan kò ní gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ́ títí ayé. Ó wo iwájú, kò rí nǹkan kan tó ń ká. Funfun lásán ni. Ó wo ọmọ náà. Arínọlá kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó, ojú rẹ̀ mọ́, ó dá a lójú ṣáká, ojú ọmọ ọdún mẹ́fà tó ní ó jìnnà jùyẹn lọ. Ìlú yẹn sì jìnnà ju wákàtí kan lọ lóòótọ́. Ìbíwùmí mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó gbá ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì kan ẹ̀gbà mọ́ ẹ̀gbà.

Ọ̀pá tú. Arínọlá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn sósì, agbọ̀n náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìbíwùmí yí gbirigbiri lu Baba, Baba ń ké pé, "Iná! Fún un níná!" Ọmọ náà fa okùn iná, wọ́n fò sókè. Kùrukùru sì ya ní ọ̀tún wọn.

Àpáta ló wà níbẹ̀. Dúdú, ó tutù, ó ga kọjá ibi tí ojú lè dé, ó ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n débi tí Ìbíwùmí fi gbọ́ òórùn ewéko tó hù sí i lára. Ó rí ìtẹ́ ẹyẹ kan nínú ihò rẹ̀, ẹyin méjì ló wà nínú rẹ̀. Ká ní ó na ọwọ́ ni, ì bá mú ọ̀kan.

"Ọ̀nà mọ́," dígí wí.

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" Arínọlá kígbe mọ́ ọn.

Baba Ajíbóyè bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mì agbọ̀n jìgìjìgì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, Ìbíwùmí náà bẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún, kò bìkítà èyí tó ń ṣáájú. Ìjì tí dígí ń sọ kò sí níbì kankan. Ohun tó wà lósì ni kùrukùru ńlá kan tó sanra bọ̀lọ̀jọ̀, kò sì sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Àwọ̀n òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ wá," ni Baba wí. Ó wá ẹ̀gbà ọmọ náà kàn lára ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn títí ó fi gbà. "Èmi Ajíbóyè gbà á. Bí mo bá dé ilẹ̀, màá fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé ojú mi ti lọ. Ẹni tó ń ríran ni kó máa tukọ̀. Màá jókòó tì ọ́, màá máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo bá ṣì í, kí ni wàá ṣe?"

"Màá kúnlẹ̀, sà, màá sì pariwo."

"Fi ìkúnlẹ̀ sílẹ̀ nígbà míì. A lè kú níbi tí o ti ń kúnlẹ̀."

Pupa náà kú lọ́rùn ọwọ́ ọmọ náà, àwọ̀ ewé sì mọ́ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìjókòó kẹrìnlá ti ṣófo," ẹ̀gbà sọ, ó sì dákẹ́. Ìbíwùmí gbé orí lé etí agbọ̀n. Ó sọ ọ́ síta, kò fi pamọ́, pé inú òun dùn, inú òun dùn débi pé ó ń dun òun. Lẹ́yìn náà ni ó tún rántí ibi tó wà. Ìsàlẹ̀ jìnnà. Ìsàlẹ̀ jìnnà gan-an ni.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ mí kalẹ̀ báyìí."

"Èmi kọ́ ni mo di ọ̀pá mú. Bẹ atukọ̀."

Ìbíwùmí yíjú sí ọmọ tó wẹ̀ fún, tó fi ṣíbí bọ́, tó mú kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri. "Arínọlá, ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ ká lọ ilé."

Ọmọ náà wo kùrukùru tó wà níwájú, ó wo àwọ̀n ọ̀tún tí omi rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ó wo Àǹtí rẹ̀.

"Rárá, mà," ó wí. "Ẹ má bínú. A ò tíì lọ ilé. Ìrì pọ̀ níwájú níbẹ̀ yẹn, àwọ̀n kan ò sì tíì rómi tó. Ẹ dìde, kí ẹ bá mi di okùn ọ̀tún mú."

Ìbíwùmí di etí agbọ̀n mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì dìde dúró lójú òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó gbá okùn náà mú. Ó tutù, ó wúwo, ó sì ń fà á síwájú.

"Mo ti dì í mú," ni ó wí fún ọmọ náà. "Apá ibo la forí lé?"